Ààbọ̀ Oòrùn Lórí Aṣọ Dúdú: Ohun Tó Wà Nínú Àsíá Biafra

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, Adájọ́ James Omotosho ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abuja ju Nnamdi Kanu, olórí IPOB, ẹgbẹ́ tó ń jà kí Biafra tún dá dúró, sí ẹ̀wọ̀n gbére lórí ẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí bá ti gbóná báyìí, àsíá kan wà tó máa ń jáde: pupa lókè, dúdú láàárín, àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, tí ààbọ̀ oòrùn jókòó sórí dúdú náà. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ á fi ṣe àwòrán orí WhatsApp. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á ní kí wọ́n gbé ìdààmú wọn lọ.

Biafra, orílẹ̀-èdè tó ni àsíá náà, kò sí mọ́. Ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967 ni wọ́n kéde rẹ̀ ní Enugu. Ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 1970 ló parí. Ọdún méjì àti oṣù méje ààbọ̀ péré. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ ìkéde náà kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ogun tán. Àwọn tó sì ń gbé àsíá náà kiri lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọn kò tíì bí nígbà náà. Ti ẹlòmíràn, bàbá tó bí i gan-an kò tíì gbé ìyàwó. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Báwo ni ìlú ṣe kú tí aṣọ rẹ̀ kò bá a kú?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ ká wò ó. Àwọ̀ mẹ́ta ni, wọ́n dùbúlẹ̀ lérí ara wọn, fífẹ̀ wọn sì dọ́gba. Lórí èyí tó dúdú, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ní àwọ̀ ìyeyè, bí ìgbà tí tíṣà bá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ lójú pátákó. Orí ọ̀pá yìí ni oòrùn ti ń yọ, òun náà ní àwọ̀ ìyeyè. Ìdajì rẹ̀ nìkan la rí. Ìdajì kejì ṣì wà nísàlẹ̀. Ìtànṣán ń jáde lára rẹ̀ bí ọmọ ìka tí ènìyàn là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá kà wọ́n, mọ́kànlá ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Mo ní "ló yẹ" nítorí àwọn tó ń rán an lóde òní kì í sábà kà á. Òmíràn lé, òmíràn dín, òmíràn sì wà tí oòrùn rẹ̀ dà bí abẹ̀bẹ̀.

Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún oòrùn yẹn. Ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá ni à ń pè ní Ìlà-Oòrùn. Láti ayé òyìnbó la ti ń pe ilẹ̀ àwọn Ìgbò àti àwọn tó múlé tì wọ́n ní ẹkùn Ìlà-Oòrùn, bí a ṣe ń pe tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí oòrùn ń lọ sùn. Nígbà tí Ọ̀gágun Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu, gómìnà ológun ẹkùn náà, kéde pé àwọn ti yà kúrò lára Nàìjíríà, orúkọ tuntun tó mú wá jẹ́ ti omi òkun tó wà létí ilẹ̀ wọn, Bight of Biafra. Ṣùgbọ́n àwòrán tó wà lórí àsíá kì í ṣe omi, kì í ṣe ọkọ̀. Orúkọ àtijọ́ náà ni wọ́n yà síbẹ̀: ibi tí oòrùn ti ń là.

Àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Enugu. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1920, ní New York, ẹgbẹ́ UNIA tí Marcus Garvey ará Jàmáíkà dá sílẹ̀ kéde pé pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé ni àwọ̀ gbogbo ènìyàn dúdú láyé. Wọ́n ní pupa dúró fún ẹ̀jẹ̀, dúdú fún àwọ̀ ara wa, ewé fún ilẹ̀ Áfíríkà tó lọ́ràá. Nígbà tí òmìnira dé lẹ́yìn ọdún 1957, àwọn ìlú tó fi àwọ̀ wọ̀nyí ṣe àsíá kì í ṣe ẹyọ kan. Kenya wà níbẹ̀. Èyí tó jọ ti Biafra jù lọ ni ti Malawi, ó sì fi ọdún mẹ́ta ṣáájú rẹ̀: dúdú, pupa, ewé, tí oòrùn pupa kan ń yọ lórí dúdú pẹ̀lú ìtànṣán 31, nítorí wọ́n ní àwọn ni orílẹ̀-èdè kọkànlélọ́gbọ̀n tó gba òmìnira ní Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí Malawi díẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2010, Ààrẹ Bingu wa Mutharika ní oòrùn àwọn ti yọ tán, pé Malawi ti kúrò ní ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ó bá sọ oòrùn orí àsíá di odidi, ó kùn ún ní funfun, ó sì tún àwọ̀ tò: pupa lókè, dúdú láàárín, ewé nísàlẹ̀. Ẹni tó bá rí i láti ọ̀nà jíjìn lè pè é ní Biafra. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ní àwọn kò fẹ́. Nígbà tí Mutharika kú ní 2012, tí Joyce Banda gorí àga, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n fi dá ààbọ̀ oòrùn padà sípò. Mo rántí ìtàn yìí ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi oòrùn Biafra ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dà bí èyí tó ń wọ̀. Àwòrán oòrùn tó ń yọ àti ti oòrùn tó ń wọ̀, ọ̀kan náà ni. Ẹni tó ń wò ó ló mọ èyí tí òun ń rí.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀: àsíá Nàìjíríà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ní oòrùn. Taiwo Akinkunmi, ọmọ Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ ní London nígbà náà, rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé kí ẹni tó bá lè ya àsíá mú tirẹ̀ wá. Èyí tó fi ránṣẹ́ ní àwọ̀ ewé lọ́tùn-ún lósì, funfun láàárín, àti oòrùn pupa kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀ lórí funfun náà. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fún un ní pọ́ùn 100. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ oòrùn náà kúrò. Àsíá tí wọ́n gbé sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1960 ni ìyẹn, èyí tí à ń lò dòní. Ìbàdàn ni bàbá náà kú sí ní oṣù Kẹjọ 2023, ẹni ọdún 87.

Ohun tí Biafra ṣe sí àwọ̀ Garvey ni mo fẹ́ ká dúró lé, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Àlàyé tí wọ́n fún àwọn ará ìlú ni pé pupa jẹ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wọn tí wọ́n pa ní Àríwá ní 1966. Dúdú kì í ṣe àwọ̀ ara mọ́. Ọ̀fọ̀ àwọn òkú yẹn ni. Ewé nìkan ni ti ọ̀la: ilẹ̀ tó ń so, ayé tó ń bọ̀ wá dára.

Ìtàn 1966 gùn, ó sì ní apá tiwa nínú. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gá sọ́jà kan, tí èyí tó pọ̀ nínú wọn jẹ́ Ìgbò, dìtẹ̀ gbàjọba. Wọ́n pa Olóòtú Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa, wọ́n pa Ahmadu Bello ní Kaduna, wọ́n sì pa Ladoke Akintola nílé rẹ̀ n'Ìbàdàn. Àríwá kà á sí ìdìtẹ̀ Ìgbò. Ní oṣù Keje, àwọn sọ́jà Àríwá gbẹ̀san. Ìbàdàn náà ni wọ́n ti mú Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, pẹ̀lú Adekunle Fajuyi tó gbà á lálejò, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Èyí tó kan àwọn olóṣèlú àti ológun nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá, ní Kano, Kaduna, Zaria, Jos àti àwọn ìlú mìíràn, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n ń pa: oníṣòwò, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ojú irin, ìyàwó, ọmọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Àwọn tó sá padà sí Ìlà-Oòrùn lé ní mílíọ̀nù kan. Ọ̀pọ̀ wọn wọ ọkọ̀ ojú irin wálé, òmíràn pẹ̀lú egbò lára, òmíràn láìmú nǹkan kan lọ́wọ́. Kò sí ìdílé kan ní Enugu tàbí Onitsha tí kò ní ẹni tó ń bá a sọ ohun tí ojú rí.

Àwa Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín òkú àgbà àti òkú ọ̀fọ̀. Òkú àgbà, à ń dá aṣọ ẹbí fún un, à ń pe onílù. Òkú ọ̀fọ̀, ẹkún ni, a kì í jó o, àwọn òbí kì í sì í mọ ibi sàréè rẹ̀. Dúdú inú àsíá Biafra, ti òkú ọ̀fọ̀ ni. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà náà fi pupa ṣe ìrántí ẹ̀jẹ̀ àwọn tó bá òyìnbó jà, àmọ́ akọni ni wọ́n pe àwọn yẹn. Èyí yàtọ̀. Níbi tí mo ti wò ó dé, mi ò rí orílẹ̀-èdè mìíràn tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Nínú èrò tèmi, òun ló fà á tí àsíá náà kò fi kú: ìlú tó gbé e ti tán, ọ̀fọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò tán, ogun sì tún fi kún un. Ìjọba àpapọ̀ dí ọ̀nà oúnjẹ, ebi pa àwọn ọmọdé débi pé àwòrán wọn kárí ayé. Iye tí àwọn òpìtàn ń dá fún àwọn tó kú lọ láti ìdajì mílíọ̀nù dé mílíọ̀nù mẹ́ta, ebi ló sì pa èyí tó pọ̀ jù.

Ìtànṣán mọ́kànlá ńkọ́? Àwọn ẹkùn kéékèèké mọ́kànlá tó wà lábẹ́ Ìlà-Oòrùn ni wọ́n ní wọ́n dúró fún. Ibi tí àlàyé àsíá yìí ti ń há mọ́ àwọn tó ń gbé e lónìí lọ́fun nìyí, nítorí ẹkùn wọ̀nyẹn kì í ṣe ti Ìgbò nìkan. Ìbíbíò wà níbẹ̀, Ẹ́fíìkì wà níbẹ̀, Ìjọ́, Ògóni, Ékòì, àti àwọn mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò fẹ́ Biafra rárá. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìkéde Ojukwu, Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, ó sì gé Ìlà-Oòrùn sí mẹ́ta, tí méjì nínú rẹ̀ kì í ṣe ti Ìgbò. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: kí oòrùn náà tó yọ ni wọ́n ti ń já ìtànṣán rẹ̀. Isaac Boro, ọmọ Ìjọ́ tó ti kọ́kọ́ kéde orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ní Niger Delta ní oṣù Kejì 1966, bá ọmọ ogun Nàìjíríà jà títí ó fi kú sójú ogun ní 1968. Ken Saro-Wiwa, ọmọ Ògóni, ṣiṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀ ní Bonny. Síbẹ̀, Philip Effiong, igbákejì Ojukwu, ẹni tó kù sílẹ̀ láti túúbá nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ti bá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ivory Coast, ọmọ Ìbíbíò ni.

Yorùbá kan náà wà nínú rẹ̀. Victor Banjo, ọmọ Ìjẹ̀bú, wà lẹ́wọ̀n ní Ìlà-Oòrùn láti ìgbà ìdìtẹ̀ 1966. Ojukwu tú u sílẹ̀, ó sì fi í ṣe olórí àwọn ọmọ ogun tó wọ Benin City ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹjọ 1967, tí wọ́n sì ń bọ̀ wá sí ọ̀nà Èkó títí wọ́n fi dé Ore. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn dúró. "Ó le kú, ìjà Ore" tí àwọn àgbà ṣì ń sọ, ibẹ̀ ló ti wá. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Ojukwu ní Banjo ń dìtẹ̀ sí òun, wọ́n sì yìnbọn pa á ní Enugu pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Ojú ìdìtẹ̀ ni Nàìjíríà fi wò ó, ojú ìdìtẹ̀ náà ni Biafra fi pa á.

Láàárín ọdún méjì ààbọ̀ yẹn, oòrùn náà kò dúró lórí aṣọ nìkan. Wọ́n rán an mọ́ apá aṣọ àwọn sọ́jà wọn, ààbọ̀ ìyeyè lórí ewé, débi pé nígbà tí Chimamanda Adichie kọ ìwé lórí ogun náà ní 2006, oòrùn orí apá aṣọ yẹn ló fi sọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà pààrọ̀ owó rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1968 kí èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ará Biafra lè di bébà lásán, Bank of Biafra tẹ owó tirẹ̀ jáde lóṣù kan náà, pọ́ùn kan àti ṣílè márùn-ún. Tí ẹ bá rí ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ, ẹ gbé e sún mọ́ ojú: igi ọ̀pẹ kan ló dúró níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ. Ọ̀pẹ ló ń bọ́ ìlú náà kó tó di pé epo rọ̀bì dé, nítorí náà mi ò rò pé wọ́n ronú jìnnà kí wọ́n tó fi í síbẹ̀. Sítáǹpù wọn jáde lóṣù Kejì, àsíá náà wà lórí ọ̀kan nínú wọn. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló gbà pé Biafra wà: Tanzania, Gabon, Ivory Coast, Zambia àti Haiti. Olú-ìlú ń ṣí kiri láàárín ìgbà náà, láti Enugu tó bọ́ ní oṣù Kẹwàá 1967, dé Umuahia, dé Owerri.

Orin orílẹ̀-èdè wọn náà, oòrùn ló ń kọ, ilẹ̀ tí oòrùn ti ń yọ. Nnamdi Azikiwe, tó ti ṣe ààrẹ Nàìjíríà rí, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó tó padà sẹ́yìn Nàìjíríà ní 1969. Ohùn orin náà kì í ṣe ti Ìgbò, kì í ṣe ti Áfíríkà pàápàá. Finland ni wọ́n ti mú un, lára iṣẹ́ Jean Sibelius, ẹni tó ṣe é nígbà tí ìlú tirẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Rọ́ṣíà. Ẹ fi Finland yìí sọ́kàn, a óò padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí Effiong fọwọ́ síwèé ìtúúbá ní Dodan Barracks l'Ekoo, Gowon ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n wọ́n gbá ilẹ̀ náà mọ́. Owó tó ní ọ̀pẹ àti oòrùn di èyí tí ọmọdé ń fi ṣeré. Ẹni tó ní owó ní báńkì, iye yòówù kó jẹ́, pọ́ùn 20 ni wọ́n fún un. Nínú àwọn ọdún 1970, ìjọba tún yí orúkọ omi òkun náà padà, ó di Bight of Bonny. Wọ́n pa orúkọ rẹ́ lójú omi. Aṣọ ni wọn kò rí pa rẹ́, nítorí aṣọ ṣe é ká sísàlẹ̀ àpótí.

Ọdún 1999 tí ìjọba alágbádá padà dé ni agbẹjọ́rò kan, Ralph Uwazuruike, dá MASSOB sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí Biafra padà wà. Ní 2000, wọ́n ta àsíá náà ní gbangba ní Aba. Ní oṣù Kẹta 2014, ẹgbẹ́ mìíràn ya wọ ilé ìjọba ní Enugu láti fi í síbẹ̀. Ìgbà tí Kanu fi Radio Biafra dé ló wá di ohun gbogbo ayé. Wọ́n kọ́kọ́ mú un l'Ekoo ní 2015. Àwọn tó jáde nítorí rẹ̀, àsíá yìí ló wà lọ́wọ́ wọn. Amnesty International ní ó kéré tán, ènìyàn 150 ni àwọn agbófinró pa láàárín oṣù Kẹjọ 2015 sí oṣù Kẹjọ 2016, títí kan àwọn tó jáde ní agbègbè Onitsha ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún 2016 láti ṣe ìrántí. Wọ́n jáde nítorí òkú àtijọ́, wọ́n dá òkú tuntun kún un.

Apá kejì náà wà, ẹni tó bá fò ó kò ṣe òótọ́. Láti oṣù Kẹjọ 2021 ni wọ́n ti pàṣẹ pé kí gbogbo Ìlà-Oòrùn máa jókòó sílé ní ọjọ́ Ajé nítorí Kanu tí wọ́n gbé wá láti Kenya. IPOB padà sọ pé àwọn ti fagi lé e, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti wọ ara: ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lè dáná sun ún, ẹni tó bá gbé ọkọ̀ jáde, wọ́n lè yìnbọn fún un. Oníṣòwò Ìgbò ló ń pàdánù ọjọ́ ọjà, ọmọ Ìgbò ni kò lè lọ ṣe ìdánwò. Ọlọ́pàá, sọ́jà àti àwọn ará ìlú ti kú lọ́wọ́ àwọn agbébọn tó ń pe ara wọn ní ọmọ Biafra. Tí ọlọ́pàá bá wá ka ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn afurasí fún àwọn oníròyìn, ẹ máa gbọ́ ọ tò lẹ́sẹẹsẹ: ìbọn, ọta, oògùn, àsíá Biafra. Láàárín ìbọn àti oògùn ni wọ́n máa ń tẹ́ aṣọ náà sí.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wá ni kí ènìyàn ní in nílé? Ohun tí ìjọba sábà máa ń dì mọ́ ni ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba, àti pé láti oṣù Kẹsàn-án 2017 tí ilé ẹjọ́ ti fòfin de IPOB, àsíá di àmì pé ènìyàn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àsíá náà ti wà fún ọdún 45 kí wọ́n tó dá IPOB sílẹ̀. Bàbá arúgbó tó bá ká a pamọ́ nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ní 1968 kò mọ Kanu rí.

Finland tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: ibẹ̀ ni Simon Ekpa ń gbé, ẹni tó fi íntánẹ́ẹ̀tì ń pàṣẹ fún àwọn kan ní Ìlà-Oòrùn lẹ́yìn tí wọ́n mú Kanu. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ilé ẹjọ́ kan níbẹ̀ jù ú sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà lórí ìwà ìgbésùnmọ̀mí. Ìlú tí wọ́n ti yá ohùn orin òmìnira ni wọ́n ti ti ẹni tó ní òun ń jà fún un mọ́lé.

Àwa náà kò gbọdọ̀ máa wò ó bí ìran àdúgbò kejì. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin 2024, àwọn kan tí wọ́n múra bíi sọ́jà ya wọ ọgbà ìjọba ní Agodi, n'Ìbàdàn, wọ́n sì ta àsíá Yorùbá Nation níbi ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kí ọjọ́ tó lọ, ọlọ́pàá ti kó wọn. Ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo rò pé ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe pé Yorùbá gbọ́n ju Ìgbò lọ, bí àwọn kan ṣe ń sọ lórí rédíò. Àsíá tí wọ́n ta ní Agodi kò tíì ní òkú nínú.

Kí ẹ lè rí i dáadáa, ẹ wo àwọn ará wa ní Orílẹ̀-èdè Benin. Ní 1975, Mathieu Kérékou yí orúkọ Dahomey padà, ó sì ju àsíá aláwọ̀ mẹ́ta wọn nù. Aṣọ àwọ̀ ewé kan, tí ìràwọ̀ pupa wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, ló fi rọ́pò rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi lò ó, ìlọ́po márùn-ún Biafra àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1990 tí ìjọba ẹlẹ́gbẹ́ kan ṣoṣo tán, wọ́n dá àsíá àtijọ́ padà. Ẹ lọ sí Kútọnu tàbí Pọ́tọ̀nóvò lónìí, ẹ béèrè ẹni tó ń sunkún nítorí ìràwọ̀ pupa. Ọlọ́pàá ibẹ̀ kò nílò láti wá a kiri inú ilé.

Ojukwu fúnra rẹ̀ padà wálé. Ààrẹ Shehu Shagari dárí jì í ní 1982, ó wọ òṣèlú, ó díje fún ipò ààrẹ orílẹ̀-èdè tó ti bá jagun. London ló kú sí ní oṣù Kọkànlá 2011. Ọjọ́ 2, oṣù Kẹta 2012 ni wọ́n sin ín ní Nnewi, ìlú rẹ̀, Ààrẹ Goodluck Jonathan sì wà níbẹ̀. Ọmọ ogun Nàìjíríà ló gbé pósí rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yẹ ológun sin ọkùnrin tó bá wọn jà. Aṣọ tí wọ́n sì tẹ́ bo pósí náà ni ewé, funfun, ewé, èyí tí Akinkunmi yà, tí wọ́n yọ oòrùn inú rẹ̀ kúrò.